Àpótí Ìyá Ọkọ Mi Tó Di Gìtá

Àjàní, ọmọ Òpómúléró. Ọmọ òpó tó gbé ilé dúró títí ìjì fi kọjá lọ. Ọmọ a-rígi-má-sọ-ọ́-nù, ọmọ a-fọwọ́-kan-pákó-kí-pákó-fọhùn. Baba àwọn ọmọ mi, ọkùnrin dúdú tí í rẹ́rìn-ín sínú irùngbọ̀n. Sùn re o.

Oríkì rẹ̀ nìkan ni mo lè pè. Orúkọ rẹ̀ wà lẹ́nu mi, ti ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀, ti àbúrò rẹ̀ obìnrin, ti gbogbo ẹni tó bá wa gbé ilé yẹn ní Muṣin. N kò gbàgbé ẹnì kan nínú wọn. Ṣùgbọ́n ìyàwó kì í pe orúkọ ará ilé ọkọ, n kò sì ní í ti orí ìwé bẹ̀rẹ̀. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà, ẹ bá mi fara mọ́ bí mo bá ṣe kọ ọ́.

Káfíńtà ni. Ibùsùn àti àga ló ń kàn níwájú ilé, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń kọ́ ilé eré ńlá yẹn ní Iganmu, ó lọ ń bá wọn kan pákó tí wọ́n ń da kọnkéré sí níbẹ̀. Ẹnu iṣẹ́ yẹn ló wà tí àìsàn fi dá ìyá rẹ̀ dùbúlẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Kó tó ráyè lọ, wọ́n ti kú.

Nígbà tí wọ́n pín ẹrù ìyá, àpótí aṣọ ló kàn án. Àbúrò rẹ̀ ló gbé e wá. Ìdí-Ìlẹ̀kẹ̀ ni mo máa ń pe ìyẹn. A lọ pàdé rẹ̀ ní Ìdó níbi tí ọkọ̀ èrò já a sí, orí àpótí ló jókòó lé. Kò tíì kí wa tán tó fi sọ ohun tó ń dùn ún.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n pè yín títí. Ahọ́n wọn ti wúwo, ohùn oríkì yín nìkan ló ń jáde. Kò sẹ́ni tó jẹ́ ẹ."

Ó wá fi imú kùn ún bí ìyá ṣe kùn ún. Méjì nílẹ̀, ọ̀kan lókè. Ọkọ mi ní oríkì òun nìyẹn. Ó gbé àpótí náà, a wá ọkọ̀ lọ sílé.

Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ gìtá ti wà lọ́kàn rẹ̀. Ọmọ kan tó ń lu gìtá ní Sábó gbé tirẹ̀ tó là wá fún un rí, kó bá òun lẹ̀ ẹ́. Ó tẹ́ ẹ sórí páálí, ó fi pẹ́ńsù yí i ká, ó so páálí náà kọ́. Òun náà ló mú sọ̀kalẹ̀ nígbà tó tú àpótí ìyá rẹ̀. Igi ọ̀mọ̀ ni àpótí yẹn, ó fúyẹ́, ó ń rùn bí aṣọ àtijọ́ àti kánfọ̀. Ìdérí rẹ̀ ló fi ṣe ojú gìtá. Ìrókò tó gé lára ẹsẹ̀ ibùsùn ló fi ṣe ọrùn. Ọ̀gànwó ló fi ṣe ẹ̀gbẹ́. Ó fá a títí ó fi tín-ín-rín, ó fi omi gbígbóná rin ín, ó ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ mọ́ páìpù irin tó ti gbóná lórí èédú. Ó ní igi gbígbẹ kì í gba àṣẹ, ẹ̀bẹ̀ ló ń gbà.

Bó bá fá ojú gìtá náà díẹ̀, á fi ìka kàn án, á gbé etí lé e. Bí igi bá ní "gbì," á tún fá a. Ìdí-Ìlẹ̀kẹ̀ wò ó títí, ó ní:

"Ẹ̀gbọ́n, ilẹ̀kùn Ìyá lẹ ń kàn yẹn. Bí wọ́n bá wá ṣí i ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ń kàn án lọ títí igi fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé "gbọ́-ùn."

Kò mọ bí àwọn olórin ṣe ń to ohùn okùn. Ohùn tí àbúrò rẹ̀ fi imú kùn ló fa àwọn okùn ńlá mẹ́ta sí. Bí o bá fi àtàǹpàkò gbá wọn lẹ́sẹẹsẹ, Àjàní ni wàá gbọ́.

Ọ̀sán ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Mò ń ṣa ẹ̀wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, oòrùn ń jó páànù, ọkọ mi wà ní Iganmu. Ó dún nínú yàrá. Méjì nílẹ̀, ọ̀kan lókè. Mo ṣílẹ̀kùn. Kò sí ẹnì kan. Gìtá wà lórí ìṣó, okùn rẹ̀ ṣì ń gbọ̀n. Nígbà tí ọkọ mi dé, ó ní ooru ni, igi ń na ara. Mo ní ooru wo ló mọ èyí tó ṣáájú, tó mọ èyí tó kẹ́yìn?

Àǹtí tó ń ránṣọ ní yàrá iwájú fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní gìtá ọkọ mi ń pè mí, kí n lọ fún un lóúnjẹ. Mo ní ọkọ mi ló ń pè, Àjàní ló ń wí. Ó dá ẹsẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ.

"Ṣé Àbẹ̀kẹ́ kọ́ ló ń wí?"

Àbẹ̀kẹ́ ni oríkì tèmi. Mo pè é sínú. Méjì nílẹ̀, ọ̀kan lókè. Ìyá ọkọ mi fẹ́ràn láti máa pè é, bí wọ́n bá wá sí Èkó, bí ẹ̀yìn bá ń yún wọn. N kò lè jẹ ẹ̀wà náà mọ́.

Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n láti kékeré: ìpè tí o kò bá rí ẹni tó pè ọ́, má jẹ́ ẹ. Mo bẹ ọkọ mi kó dẹ àwọn okùn náà. Ó ní ṣé kí òun wá fún ìyá òun lọ́fun ni? Síbẹ̀, bó bá ti dún, ojú mi ló máa ń wò. Ó wá di pé nínú ilé wa, ẹni tó bá fẹ́ pe ẹnì kan á rìn dé iwájú rẹ̀ kó tó lanu.

Ọjọ́ Àìkú kan, mò ń fọṣọ lẹ́yìnkùlé, ó jókòó tì mí lórí àpótí kékeré, ó ń pọ́n ayùn. Mo gbọ́ "Àbẹ̀kẹ́." Kì í ṣe okùn. Ó ní ẹnu, ó ní ahọ́n, ohùn àgbà obìnrin ni. Mo gbàgbé pé wọ́n ti kú. Mo ti lanu láti dáhùn nígbà tó fi ọwọ́ bò mí lẹ́nu, ó kọjú sí yàrá, ó ní:

"Mà. Èmi rèé."

Ó yíjú sí mi. "Èmi ni wọ́n ń pè. Má dáhùn."

Mo sọ ohun tí mo gbọ́ fún un. Ó ní etí ló tàn mí. Ayùn ló ń wò bó ti ń sọ ọ́.

Láti ọjọ́ náà gìtá kò dún mọ́, àfi bí a bá fọwọ́ kàn án. Nígbà tí ọyẹ́ dé, ikọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọkọ mi. Dókítà ní eruku pákó ló kún àyà rẹ̀. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọyẹ́ kò tíì lọ tó fi kú.

Ọjọ́ Sátidé la sin ín, ní itẹ́ òkú Yàbá. Àwọn káfíńtà ẹgbẹ́ rẹ̀ ló kan pósí. Kí wọ́n tó gbé e jáde, Ìdí-Ìlẹ̀kẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó pè é lẹ́ẹ̀mẹta, Àjàní, Àjàní, Àjàní. Mo tẹ́tí sí yàrá. Gìtá kò dún; ẹni tó ń pè ti gbọ́ ìdáhùn. Wọ́n gbé pósí lọ, wọ́n bo sàréè, a padà wálé.