Owó Apá

Owó apá ni a ń pè é. Kì í ṣe owó oṣù, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe owó ọjọ́. Bí apá ènìyàn mẹ́ta bá jókòó síwájú rẹ lọ́jọ́ náà, owó apá mẹ́ta ni o máa gbé lọ sílé, ìbáà jẹ́ pé o ti ń dúró láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ọdún márùn-ún ni mo fi kọ́ iṣẹ́ apoògùn ní yunifásítì, mo tún fi ọdún kan sìn lábẹ́ ọ̀gá, kí n tó wá di ẹni tí ń ka apá. Gbogbo rẹ̀ ń rí mi lára.

Orí wásáàpù ni wọ́n ti ń pè wá síṣẹ́. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù oògùn á kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ń wá apoògùn tí yóò máa gún abẹ́rẹ́ àjẹsára ní Sátidé. Kí ó tó mí, ogún ènìyàn á ti dá a lóhùn. Bí ẹnì kan bá ní owó náà kéré, ẹlòmíràn á ní òun á gbà á ní ìdajì. Mo ti bú irú wọn rí, mo pè wọ́n ní ọ̀dàlẹ̀ iṣẹ́. Nígbà tí onílé mi wá kan ilẹ̀kùn mi lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀ kan, èmi náà dáhùn wàràwàrà, n kò tilẹ̀ ka ìpolówó náà tán.

Àdúgbò Àgọ́ Palace ni ṣọ́ọ̀bù náà wà. Apoògùn bíi tèmi ni obìnrin tó ni ín, ó kàn jù mí lọ lọ́jọ́ orí ni, Àǹtí ni mo sì ń pè é. Gúgúrú ló ń jẹ nígbà tó ń là mí lọ́yẹ̀.

“Ẹgbẹ̀rún kan náírà per arm. Ṣùgbọ́n ìgò abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú yẹn, èèyàn mẹ́wàá ló wà fún. Tó o bá ti pò ó, wákàtí mẹ́fà ni, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Tó o bá ṣí i tí wọn ò pé mẹ́wàá, iye èèyàn tó bá ṣẹ́ kù, màá yọ owó apá wọn nínú owó ẹ. Business ni o, no be charity.”

Mo ní, “Ẹ ṣé, mà.” Títí dòní ni ẹ ṣé yẹn ń korò lẹ́nu mi.

Sátidé àkọ́kọ́, ìyá àgbà kan wọlé pẹ̀lú ọmọ-ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn. Aṣọ ló ń tà ní ọjà Aswani, ará Ìṣẹ́yìn ni. Ibà pọ́njú ti pa ọmọ àbúrò rẹ̀ kan rí nílé, ìyẹn ni kò fi fẹ́ fi ti ọmọ yìí ṣeré rárá. Ó ti lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba, wọ́n ní abẹ́rẹ́ ti tán, kí ó máa wá wò ó. Ó ti tú owó létí ìró rẹ̀ kí n tó sọ fún un pé ẹnì kan ṣoṣo kò tó ṣí ìgò, kí ó padà wá ní Sátidé tó ń bọ̀, bóyá èrò á pọ̀.

“Ó dáa, Dókítà,” ó wí. Dókítà ni wọ́n máa ń pè wá, n kì í sì í sọ fún wọn pé n kì í ṣe dókítà.

Sátidé kejì, òjò rọ̀. Ọmọ mẹ́ta péré ló wá, tirẹ̀ wà nínú wọn. Bí mo bá ṣí ìgò fún mẹ́ta, gbèsè apá mẹ́rin ni mo máa jẹ lọ sílé. Mo dá gbogbo wọn padà sínú òjò. Ìyá náà dúró lẹ́nu ọ̀nà.

“Dókítà, èèyàn mélòó gan-an ni ìgò yẹn ń fẹ́?”

“Mẹ́wàá, mà.”

“Mẹ́wàá,” ó wí, ó mi orí, ó sì lọ.

Ní Sátidé kẹta, kẹ̀kẹ́ Márùwá mẹ́ta ló dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ìyá náà ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Àwọn obìnrin aláṣọ tẹ̀ lé e, ọmọ lẹ́yìn oníkálùkù wọn. Ó ti lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, ó ń bẹ àwọn ìyá ọlọ́mọ, nítorí kí ìgò mi lè kún. Àǹtí, tí kì í tan fáànù fún mi, ní kí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ kíá. Ó ń gbé àga, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń pe gbogbo wọn ní Màmá.

Mo pò ó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gún. Mo ní kí ìyá náà gbé ọmọ tirẹ̀ wá ṣáájú.

“Rárá o, ẹ ṣe tiwọn ná. Ṣé ẹni tó pe àlejò ló máa kọ́kọ́ bu òkèlè ni?”

Mẹ́sàn-án ló pè, kí tirẹ̀ lè ṣe ìkẹwàá. Ṣùgbọ́n obìnrin kan tó ń ta bọ́tìnnì lẹ́nu géètì ọjà rí kẹ̀kẹ́ wọn, ó gbọ́ ibi tí wọ́n ń lọ, ó sì fò wọ inú kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Ìyá náà kò lè ní kó sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí mo gún ọmọ kẹwàá tán, ìgò ṣófo. Mo dorí rẹ̀ kodò, mo fi abẹ́rẹ́ wá ìsàlẹ̀ rẹ̀, ohun tó jáde kò tó ìdajì ti ọmọ kan.

“Kò mà kù, Màmá.”

Ó wo ìgò náà, ó wò mí. “Mo rò pé èènì á wà nínú ẹ̀ ni. Ọmọ kékeré kan ṣoṣo.” Ẹni tó ti ń ta aṣọ láti ìgbà èwe, tó máa ń fi díẹ̀ lé ọ̀pá fún gbogbo oníbàárà, kò mọ̀ pé ọjà kan wà láyé tí kò ní èènì.

Ìgò míì wà nínú fíríìjì, mo mọ̀, Àǹtí náà mọ̀. Bí mo bá ṣí i, owó apá méjì ló máa kù fún mi nínú mọ́kànlá. Mo sì ti fún onílé mi ní mẹ́wàá lọ́kàn mi. Àǹtí ń wò mí.

Mo gbọ́ ohùn ara mi. “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà wá ní Sátidé tó ń bọ̀.”

Ì bá ṣépè fún mi, ì bá dùn mọ́ mi. Kò ṣépè. Ó gbé ọmọ pọ̀n, ó fún ọ̀já le, ó sì ń wo àwọn tó kó wá bí wọ́n ṣe ń wọ kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú ọmọ wọn tó ń ké.

“Ó wá ku mẹ́sàn-án nìyẹn, àbí, Dókítà?”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Mẹ́sàn-án.”