Ọmọ Tí Eyín Òkè Rẹ̀ Kọ́kọ́ Yọ

Ní ilé tí a háyà ní Titirou, ní ìlú Parakou, ojúde kan náà ni ìdílé wa àti ọ̀dọ́ ìyàwó kan tó jẹ́ Bàrìbá jọ ń lò. Aránṣọ ni mí, ọmọ Ṣábẹ̀, ọkọ mi sì ń wa ọkọ̀ akẹ́rù. Ọkọ ìyàwó yìí ti bá iṣẹ́ lọ sí Kútọnu, òun nìkan ló ń tọ́jú ọmọbìnrin rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń jókòó.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó sáré wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ó gbé ọmọ náà lé mi lẹ́sẹ̀ láàárín aṣọ tí mò ń rán.

"Màmá, ẹ wo ẹnu rẹ̀."

Mo fi ìka gbé ètè ọmọ náà sókè. Eyín kan ti yọ, ó funfun báláú. Òkè ló ti yọ. Kò sí nǹkan kan nísàlẹ̀.

Ẹni tó bá dàgbà ní Parakou mọ ohun tí àwọn kan ń sọ nípa irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní àjẹ́ ni, pé bó bá dàgbà, yóò pa ìyá, yóò pa bàbá. Ọ̀pọ̀ Bàrìbá ni kò gbà á gbọ́ mọ́, ṣùgbọ́n ìdílé ọkọ rẹ̀ ṣì gbà á gbọ́. Ẹnìkan ti rí eyín náà, ó sì ti pe abúlé lórí fóònù. Àbúrò bàbá ọkọ rẹ̀ ti wà lójú ọ̀nà.

"Ọmọ tí wọ́n bá gbé lọ bẹ́ẹ̀ kì í padà wá," ni ìyá náà wí. "Ẹ̀yin lẹ máa ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ gbà á lọ́wọ́ mi."

Kí n má parọ́, ọmọ náà gan-an ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Ó rẹ́rìn-ín sí mi, eyín yẹn yọ síta, gbogbo irun ara mi dìde. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, mo ti kọrin pé n ó tẹ̀ lé Jésù dé ibikíbi. N kò rò ó pé ibikíbi náà lè jẹ́ inú ṣọ́ọ̀bù mi.

Mo pọ̀n ọ́n.

Kò pẹ́ tí àbúrò bàbá ọkọ rẹ̀ dé, òun àti géńdé ọkùnrin kan. Bàrìbá ni a jọ sọ.

"Ọmọ wa dà?"

"Ó wà lẹ́yìn mi, bàbá."

"Sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹbí ni, kò kàn ọ́."

Mo di ẹ̀rọ ìránṣọ mú. "Ẹ má bínú, bàbá. N kò lè gbé e fún yín. Ẹ jẹ́ ká lọ sọ ọ́ ní àgọ́ ọlọ́pàá."

"Ilé tí ọmọ yìí bá wà ni ikú yóò wọ̀," ló wí, wọ́n sì lọ.

Lọ́jọ́ náà gan-an, mo mú ìyá àti ọmọ lọ sí bíró ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọmọdé. Wọ́n kìlọ̀ fún ẹbí náà, wọ́n sì ní kí ọmọ ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ yẹn kò tíì parí tí ọkọ mi ti ìrìn àjò Malanville dé, tí ara rẹ̀ gbóná bí iná. Àwọn ará ilé ò wọ yàrá wa mọ́. Mo jókòó tì í, mò ń wò ó bó ṣe ń mí, mò ń wo ọmọ náà. Ọkàn kan ń sọ fún mi pé kí n gbé e padà fún wọn.

Ọkọ mi rí ojú mi. "Ṣé òun lo rò pé ó ń pa mí? Ibà ni. Gbé e wá síbí." Ó tẹ́ ọmọ náà sórí àyà rẹ̀. N kò rí ọ̀rọ̀ kan fi gbàdúrà.

Òògùn ràn án lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀, ó sì dìde. Àwọn obìnrin ìjọ wa tí wọn kò yà sílé wa mọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wá wò wá. Nígbà tó yá, ọ̀kan nínú wọn gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ láti àdúgbò Ladjifarani, òmíràn náà gba tirẹ̀. Ní báyìí, yàrá kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì tí a ń gbé wọn sí títí ìbínú ẹbí wọn yóò fi rọlẹ̀.

Ọmọ tiwa ti ń lọ sí ilé ìwé, ìyá rẹ̀ sì ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Láìpẹ́ yìí, èmi àti ọmọ náà pàdé bàbá tó wá gbà á lọ́jọ́ yẹn ní ọjà Arzèkè. Ọmọ náà kúnlẹ̀ kí i bó ṣe ń kí gbogbo àgbà. Bàbá náà wò ó láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ó ti ga," ló wí, ó sì kọjá.

N kò mọ̀ bóyá ìre ni àbí ìhàlẹ̀. Mo di ọwọ́ ọmọ náà mú pinpin títí a fi délé.