Àǹtí Tó Ń Béèrè Oorun Wa

Mo rántí ìgbà tó jẹ́ pé bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé ṣé mo sùn dáadáa, màá kọ́kọ́ wò ó láti òkè délẹ̀ kí n tó dá a lóhùn. Ọmọ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ní Èkó ni mí, wọ́n sì ti kọ́ wa nílé pé ìfura loògùn àgbà. Mi ò tíì dàgbà nígbà náà, ṣùgbọ́n mo ti lo oògùn yẹn kọjá ìwọ̀n.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ọmọkùnrin kan fẹ́ fẹ́ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ó níwà, ó ń kírun, ilé wọn kò jìnnà sí Adéníji Adélé, ìdílé rẹ̀ sì ti pẹ́ ní Èkó bíi tiwa. Lọ́dọ̀ wa, ìfẹ́ àwọn ọmọ kò tíì di nǹkan kan àfi bí àwọn àgbà bá ti ṣèwádìí tán. Kí ẹbí méjèèjì tó jókòó láti mọ ara wọn, ìdílé ọkọ á ti rán ẹnì kan jáde ní bòókẹ́lẹ́, ìdílé ìyàwó náà á rán tiwọn. Ẹni tí wọ́n rán kì í sọ pé wọ́n rán òun. Ó lè wá ra omi tútù, ó lè wá béèrè ọ̀nà, ó sì lè bá aládùúgbò yín ṣọ̀rẹ́ títí tí onítọ̀hún á fi máa bu oúnjẹ fún un. Ohun tó ń wá ni pé ṣé olè wà nínú ìdílé yìí, ṣé wárápá wà níbẹ̀, ṣé wèrè wà níbẹ̀. Wèrè ló burú jù. Àwọn àgbà á ní wèrè dùn-ún wò, kò ṣe é bí lọ́mọ, kò sì sẹ́ni tó ń mọ̀ọ́mọ̀ gbé e níyàwó.

Ọ̀rọ̀ ìwádìí yìí ń já wa láyà, ó nídìí. Bàbá wa, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, ní àbúrò obìnrin kan tó kú kí wọ́n tó bí mi. Ìyá àgbà, ìyẹn ìyá tó bí bàbá wa, máa ń sọ pé ibà ló pa á. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ béèrè irú ibà tó jẹ́, ìyá àgbà á ní kí onítọ̀hún lọ wo ìkòkò tó wà lórí iná, kódà bí kò bá sí iná nílé rárá. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó dé, ó pe gbogbo wa jọ sí pálọ̀. Ó ní, “Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Kí kálukú pa ẹnu ẹ̀ mọ́.” Màámi, tó ń ta abọ́ ike ní Apọ́ngbọ̀n, ní òun ò tiẹ̀ ní máa bá oníbàárà tí òun ò mọ̀ rí ṣàwàdà mọ́.

Wọn ò mọ̀ pé èmi gan-an ni ibi tí ògiri náà ti fẹ́ lanu. Mo ti ṣe ìdánwò àtiwọ yunifásítì, mo kùnà. Mo tún un ṣe, mo tún kùnà. Láti ìgbà náà ni oorun ti kúrò lójú mi, tí oúnjẹ ò sì dùn lẹ́nu mi mọ́. Bí mo bá ń fọ abọ́, omijé á kàn máa bọ́, èmi fúnra mi ò sì mọ ohun tí mò ń sunkún sí. Bí mo bá gbé oúnjẹ lọ fún Màámi ní ìsọ̀ rẹ̀, àyà mi á bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkìkì bíi pé ẹnì kan ń lé mi bọ̀. Màá wẹ̀yìn, kò ní sí ẹnì kankan. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo rò pé ibà tó pa àbúrò bàbá mi ló ti dé sára mi, mo sì mọ̀ pé bí mo bá lanu sọ ọ́, ẹ̀gbọ́n mi ò ní rílé ọkọ lọ. Mo gbé e mì.

Àárín ìgbà yìí ni àǹtí kan yọ sí wa. Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ àsàlátù wa máa ń pàdé ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú nínú yàrá ìkàwé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí. A máa ń ṣàdúrà, a máa ń gbọ́ wáàsí, a máa ń jẹ mọ́ínmọ́ín, a sì máa ń wo aṣọ ọrùn ara wa. Ààrẹ ẹgbẹ́ ló mú obìnrin náà wá. Ó ní nọ́ọ̀sì ni, pé ìtọ́jú ọkàn àti ọpọlọ ló kọ́, yóò sì máa bá wa jókòó lẹ́yìn àdúrà. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ohùn rẹ̀ kì í ròkè. Ó ní ká to àga yípo, ká má kọjú sí òun bí ọmọ iléèwé. Ó wá béèrè pé, “Báwo lẹ ṣe sùn lọ́sẹ̀ yìí?”

Mo ní nínú ara mi pé wọ́n ti dé. Nọ́ọ̀sì wo ló máa fi ìsinmi rẹ̀ sílẹ̀, tí kò ní gba kọ́bọ̀, láti wá béèrè oorun ọmọ ọlọ́mọ? Ó tún ní ohunkóhun tá a bá sọ níbẹ̀ ò ní jáde. Lójú tèmi, ẹni tó bá ti ń ṣèlérí pé ọ̀rọ̀ ò ní jáde, ó ti mọ ibi tó máa gbé e lọ. Nígbà tó kàn mí, mo rẹ́rìn-ín, mo ní, “Alhamdulillahi, Àǹtí, mò ń sùn bí òkú.” Ó wò mí díẹ̀, ó ní, “Agbo ilé wo lo ti wá?” Ẹ gbọ́ irú ìbéèrè! Ọkàn mi fò lọ.

Kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná lọ́jọ́ náà, mo ti kọ ọ́ sórí Wáàsáàpù àwa obìnrin ẹgbẹ́ pé ará ilé ọkọ ló rán obìnrin yẹn, kí oníkálukú ṣọ́ra. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló ní àfẹ́sọ́nà, torí náà kò sẹ́ni tó ní kí n mú ẹ̀rí wá. Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, tí Àǹtí tún béèrè oorun wa, gbogbo ẹgbẹ́ ló sùn. Oorun dùn, oúnjẹ ń wọlé, kò sẹ́ni tí nǹkan kan ń dà láàmú. Àǹtí wò wá yíká, ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ kọ́ mi bẹ́ ẹ ṣe ń ṣe é o. Èmi gan-an ò sùn dáadáa lánàá.” Àwọn kan fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo fi ojú bá wọn wí.

Kò pẹ́ tí Ọlọ́run fún mi ní ẹ̀rí tí mò ń wá. Màámi rán mi níṣẹ́ sí oníbàárà rẹ̀ kan ní Adéníji Adélé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ni mo bá rí àǹtí yìí tó ń wọ ilé àwọn àna wa. Kò kan ilẹ̀kùn, ó wọlé bí ẹni tó mọ ibẹ̀. Mo fara pamọ́ sẹ́yìn agbòjò àwọn tó ń ta káàdì fóònù lódìkejì títì, mo ń yọjú. Ó pẹ́ kó tó jáde. Ìyá ọkọ fúnra rẹ̀ ló sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ìyá náà sì di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. Bí ìyá náà ṣe gbójú sókè ni mo sá lọ. Nígbà tí mo ròyìn fún ìyá àgbà, ó ní, “Ṣé o rí i? Pańsá ò fura, pańsá já iná. O ṣe ọmọ gidi.” Inú mi dùn pé ó yìn mí, ṣùgbọ́n oorun ò torí ìyẹn wá.

Nígbà tó wá ṣẹlẹ̀, wáàsí là ń gbọ́ lọ́wọ́. Ààfáà ń sọ̀rọ̀ nípa ọmọ tó ń dójú ti òbí rẹ̀. Àyà mi tún bẹ̀rẹ̀ sí í lù, èémí ò wọlé mọ́, mo sì ṣubú sáàárín àga. Ariwo ta. Ẹnì kan ní àlùjọ̀nnú ni, ẹnì kan ní kí wọ́n da omi lé mi lórí, ẹlòmíì ti ń ké àdúrà sí mi létí bí ẹni ń bá adití jà. Àǹtí ní kí wọ́n fún mi láyè. Ó kúnlẹ̀ tì mí lórí símẹ́ǹtì, ó ní, “Máa wo ojú mi. Kò ní pa ẹ́. Mí síta díẹ̀díẹ̀, ká jọ máa mí.” Ó ń mí, èmi náà ń mí, títí àyà mi fi rọlẹ̀. Kò tíì sẹ́ni tó bá mi sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí nǹkan yìí ti bẹ̀rẹ̀. Mo sunkún, inú sì bí mi pé ojú ẹni tí wọ́n rán ni mo ti ń sunkún.

Nígbà tó mú mi jáde sí ìta, mo di aṣọ rẹ̀ mú.

“Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún wọn.”

“Fún ta ni?”

“Àwọn ará ilé ọkọ ẹ̀gbọ́n mi. Mo rí yín tẹ́ ẹ wọlé wọn ní Adéníji.”

Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, “Mi ò lè bá ẹ sọ nǹkan kan nípa ilé tó o rí mi yẹn. Tìẹ náà, mi ò ní bá wọn sọ ọ́.” Ó ní ohun tó ń ṣe mí ní ìtọ́jú, pé kí n jẹ́ ká jọ lọ bá ìyá mi. Mo kọ̀ jálẹ̀. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ á kàn sọ pé òun ò mọ àwọn ènìyàn náà rí ni. Bí mo ṣe gbọ́n tó nìyẹn. Mo délé, mo ní ebi ló gbé mi ṣánlẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, a ò gbúròó àwọn àna mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ń wo fóònù rẹ̀ ṣáá. Èmi ò lè wo ojú rẹ̀, torí mo ti gbà lọ́kàn mi pé èmi ni mo tú ilé rẹ̀ ká kó tó kọ́ ọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan, ìyá ọkọ wọlé wá. Kò mú alárinà dání, kò mú ẹnikẹ́ni. Obìnrin tó máa ń wé gèlè bí ẹni tó fẹ́ lọ joyè, ìborùn lásán ló fi borí lọ́jọ́ náà. Ìyá àgbà wo Màámi, Màámi wò mí. Ó ti wá sọ pé àwọn ò ṣe ìgbéyàwó mọ́ nìyẹn. A ní kó jókòó, kò jókòó, ó kúnlẹ̀.

“Ìyá, mo ní kí n fẹnu ara mi sọ ọ́ kó tó di pé ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀tá,” ló wí. “A mọ̀ pé ẹ ti mọ̀. A rí ọmọ yín tó ń ṣọ́ ilé wa lọ́jọ́ tí nọ́ọ̀sì wá. A ò bínú, ẹ̀tọ́ yín ni kẹ́ ẹ wádìí. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọmọ mi lọ́dún tó kọjá. Kò jẹun, kò jáde, ó ní ayé sú òun. Obìnrin yẹn ló ń tọ́jú ẹ̀, ó sì ti ń gbádùn. Ó fẹ́ sọ fún ìyàwó, èmi ni mo ní kó panu mọ́. Bẹ́ ẹ bá ní ẹ ò ṣe mọ́, ó yé mi. Ẹ kàn má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ lọ́jà.”

Èmi ni ọmọ tó ń ṣọ́ ilé wọn. Gbogbo ìgbà tí mo fi ń sá fún olùwádìí wọn, èmi gan-an ni olùwádìí tí wọ́n ń sá fún.

Mo wo ojú ìyá àgbà, mo sì mọ ohun tó ń rò. Ó lè káàánú ìyá náà, kó gbà fún un, kó sì fi tiwa pamọ́, ká wá di ẹni tó ṣe wọ́n lóore. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ láéláé. Ẹ̀gbọ́n mi ń sunkún lẹ́nu ilẹ̀kùn, ìyá ọlọ́mọ ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, àánú rẹ̀ sì ṣe mí débi pé ẹnu mi là fúnra rẹ̀. Mo ní, “Ìyá, èmi náà kì í sùn. Ó ti pẹ́. Kì í ṣe ebi ló gbé mi ṣánlẹ̀ lọ́jọ́sí.”

Màámi pariwo lé mi lórí. Ìyá àgbà gbé ọwọ́ sókè pé kó dákẹ́. Ó wò mí pẹ́, ó yíjú sí àlejò rẹ̀, ó ní, “Ẹ dìde, àna mi. Kì í ṣe ibà ló pa ọmọ mi obìnrin.” Ó ní ọmọ náà kàn dẹ́kun ọ̀rọ̀ sísọ ni, ó dẹ́kun oúnjẹ jíjẹ, wọ́n sì fi í sí yàrá ẹ̀yìn kí àlejò má baà rí i, títí tó fi kú síbẹ̀. Wọn ò gbé e lọ síbì kankan. Ó ní, “Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Ọmọ tèmi ò dákẹ́ fúnra ẹ̀. Èmi ni mo ní kó dákẹ́.” Mi ò rí omi lójú ìyá àgbà rí títí di ọjọ́ náà. Ìyá ọkọ ló gbá a mọ́ra, tó ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún bí ọmọdé.

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó náà. Màámi mú mi tọ àǹtí lọ, àǹtí fi wá mọ dókítà, mo lo oògùn, mo sì ń lọ bá a jókòó. Kò yá bíi ká ṣẹ́jú, àwọn ọjọ́ kan ṣì wà títí di ìsinsìnyí tí ilẹ̀ á mọ́ tí kò ní wù mí kí n dìde. Ṣùgbọ́n mò ń sùn, mo sì padà rí yunifásítì wọ. Ní ti ẹgbẹ́ wa, bí mo ṣe kọ ọ́ sórí Wáàsáàpù pé obìnrin náà kì í ṣe amí ẹnikẹ́ni ni oorun sá kúrò lójú ìdajì wọn. Àga tí Àǹtí ní ká tò yípo kò gbà wá mọ́.

Ìyá àgbà náà ní kí n mú òun lọ. Ó di apá mi mú, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú Àǹtí, ó sì ní kí n jáde, kí n ti ilẹ̀kùn. Ó pẹ́ gan-an níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ojú rẹ̀ wú, ó ní ebi ń pa òun. Ó tún lọ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó sì ń lọ bẹ́ẹ̀ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi kọ ìrìn.

Ó ti kú báyìí. Lọ́dún tó kọjá, mo lọ bá Àǹtí, mo ní kó sọ ohun tí ìyá àgbà sọ fún un nípa àbúrò bàbá mi. Mo ní ọmọ ọmọ rẹ̀ ni mí, pé olóògbé ò lè bínú mọ́, pé kò sẹ́lòmíì tí mo lè bi. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ó gba ọwọ́ mi mú, ó ní, “Ọ̀rọ̀ tiẹ̀ ni. Ó ti mú un lọ.” Ó dùn mí. Mo jókòó síbẹ̀, mò ń bínú, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ro gbogbo ohun tí èmi náà ti sọ fún obìnrin yìí láti ọdún púpọ̀ wá, tí mi ò gbọ́ ẹyọ kan rí lẹ́nu ẹnikẹ́ni ní gbogbo Ìsàlẹ̀ Èkó. Ó ti pẹ́ tó ti ń tọ́jú mi, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ni mo tó jáwọ́ nínú fífura sí i.