Òṣùká Lórí Àga

Lọ́jọ́ tí Ìyá Ramọ́tù kọ́kọ́ wọ ibi iṣẹ́ mi ní àdúgbò Belleville, nílùú wa tó wà lẹ́yìn Gánà, ó kọ àga. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo ní kó jókòó, ó ní òun wà dáadáa bẹ́ẹ̀. Mo rò pé ìkúnlẹ̀ mi ni kò kún tó, torí àwọn àgbà wa ní àdúgbò Koko gbà pé àwa Ànàgó, bí wọ́n ṣe ń pe Yorùbá níbí, tí a bí síbí, tí a ka ìwé Faransé, kò ní ẹ̀kọ́ ilé. Mo tún kúnlẹ̀, orúnkún méjèèjì kanlẹ̀. Síbẹ̀, kò jókòó. Èmi náà ò lè jókòó kí àgbà wà ní ìdúró, ni àwa méjèèjì bá dúró bí ẹni ń retí ọkọ̀ tó ń lọ sí Bodokro.

Iṣẹ́ kíné, ìyẹn fífi ìdárayá tọ́jú iṣan àti oríkèé, ni mò ń ṣe. Àwọn ará ilé wa rò pé òrí ni mo fi ń ra ènìyàn lára látàárọ̀ dalẹ́. Ìyá tó bí mi gan-an máa ń ra òrí wá fún mi. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, mo sì fẹ́ràn ìbéèrè ju oúnjẹ lọ.

"Ìyá, ibo ló ń dùn yín?"

Ó wo ilẹ̀kùn kó tó dáhùn. "Ìsàlẹ̀, ọmọ mi. Ojú ara títí dé ìdí. Bí mo bá jókòó, bí ẹni jókòó lé ẹyín iná ni. Bí mo bá dìde, á rọ̀."

"Ṣé ó máa ń jí yín lójú oorun?"

"Rárá o. Bí mo bá ti dùbúlẹ̀, ó parí."

Ó ti mu oògùn títí ó fi sú u. Àyẹ̀wò ìtọ̀ àti ti ẹ̀jẹ̀ kò rí nǹkan kan, wọ́n sì ní kò sí ohun tó ń ṣe é. Lọ́jà tó ti ń ta abọ́, wọ́n ń sọ pé ọkọ rẹ̀ ló kó àrùn bá a. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló ká a lára jù. Ojú ìyá arúgbó náà ń ṣú lọ, ó sì fẹ́ rí ọmọ rẹ̀ kó tó ṣú tán. Báwo ni ẹni tí kò lè jókòó ṣe máa wọ ọkọ̀ la Gánà, Tógò àti Benin kọjá?

Bó ti ń sọ ọ́ ni ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Ó yọ òṣùká tó fi ń ru abọ́ láti inú báàgì, ó gbé e sórí àga, ó sì rọra jókòó lé e. Ojú rẹ̀ tú ká. Mi ò lè mú ojú kúrò lára òṣùká náà.

"Ìyẹn ò dùn yín?"

"Ó sàn díẹ̀. Má bínú, mo mọ̀ pé orí ni wọ́n ṣe é fún."

Àárín òṣùká ṣófo. Iṣan kan wà, kì í ṣe ti ẹ̀jẹ̀, ti ìmọ̀lára ni, tí àwọn Faransé ń pè ní nerf pudendal. Ó gba abẹ́ egungun ìdí lọ sí ojú ara. Bí nǹkan bá fún un, ìjókòó á máa ni ín lára. Bí ìjókòó bá ṣófo láàárín, á rí àyè mí. Mo yà á sórí ìwé hàn án.

"Ó dà bí ẹni pé iṣan yìí ló ń ké, Ìyá. Kì í ṣe ohun tí ọkọ kó bá yín."

Ó sunkún. "Àṣé mi ò purọ́," ó ní.

Mi ò lè dá a pinnu. Mo ní kó lọ rí dókítà kan tó mọ̀ nípa rẹ̀. Ìyẹn gún un ní abẹ́rẹ́ tó ń mú ara kú fúngbà díẹ̀ lẹ́bàá iṣan náà, ìrora sì dákẹ́ títí agbára abẹ́rẹ́ fi tán. Ibẹ̀ ló ti dá dókítà lójú pé iṣan náà ni, ó sì fún un ní oògùn iṣan. Èmi kọ́ ọ bí a ṣe ń mí sí ikùn, tí a sì ń tú ìdí sílẹ̀, torí ìbẹ̀rù ti mú kó máa fún ara pọ̀.

"Gbogbo ayé wa ni wọ́n fi kọ́ wa pé ká pa ẹsẹ̀ dé," ó ní, "ìwọ wá ní kí n tú u sílẹ̀."

Mo sọ fún un pé ó lè má lọ tán, pé kó máa dìde rìn lóòrèkóòrè, kó má jókòó pẹ́. Oṣù ń gorí oṣù, ìrora náà ń dínkù díẹ̀díẹ̀. Ó wọ ọkọ̀ tòun ti òṣùká.

Ó pè mí láti Ògbómọ̀ṣọ́.

"Ìrora ńkọ́, Ìyá?"

"A jọ wọ ọkọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ìyá mi rí mi, ó ní mo ti rù. Láti ìgbà tí a ti kírun àárọ̀ ni mo ti jókòó tì í, ó ń fọwọ́ pa mí lójú. Mi ò tíì dìde."

Ó yẹ kí n ní kó dìde rìn díẹ̀, bí mo ti kọ́ ọ. Mi ò sọ ọ́.