Òkúta Tí Ìyá Ọkọ Mi Fọ̀

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fìdí kalẹ̀ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí nílé wa ní Benin yìí. Ọpẹ́ ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ o!

Mo ń sin ẹja àrọ̀ lẹ́yìnkùlé. Pọ́ǹpù ń fa omi wọn sórí òkúta wẹ́wẹ́ tí mo gbin ẹ̀fọ́ sí, omi á sì ṣàn padà sínú táǹkì. Ìgbẹ́ ẹja ló ń bọ́ ẹ̀fọ́. Àmọ́ ohun yọ̀rọ̀yọ̀rọ̀ kan tó máa ń lẹ̀ mọ́ òkúta ló ń sọ ọ́ di oúnjẹ, ó sì máa ń pẹ́ kó tó hù; tí kò bá tíì hù, ìgbẹ́ náà á di májèlé fún ẹja. Mi ò mọ̀ nígbà àkọ́kọ́, ni gbogbo ẹja mi bá kú. Ọkọ mi ní tí tọ̀tẹ̀ yìí bá tún kú, òun á tú gbogbo ẹ̀ palẹ̀, mọ́tò òun lá máa sùn síbẹ̀.

Ìyá ọkọ mi wá kí wa láti Iléṣà. Ọwọ́ màmá kì í dilẹ̀! Mo ti ọjà Ekiosa dé báyìí, ọmọ mi pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà: "Mummy, Grandma don wash all your stone o!"

Wọ́n ti fi kànìnkànìn ha gbogbo ẹ̀, wọ́n sá a sóòrùn bí èlùbọ́, wọ́n sì dá a padà sábẹ́ ẹ̀fọ́. Ó ń dán! Wọ́n ń retí ọpẹ́. Kí ni kí n ṣe? Mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ ṣé mà.

Kò pẹ́, omi bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, ẹja ń yọnu sókè. Mo bú sẹ́kún. Nígbà tí mo ṣàlàyé, màmá ò lè jẹun mọ́. Wọ́n wá bi mí bóyá irú ìdọ̀tí yẹn ò sí níbòmíràn.

Háà! Mama Osas, aládùúgbò wa! Kí màmá tó dé, mo ti bu lára òkúta mi kún báàkẹ́ẹ̀tì kan fún un kó fi bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀. Ẹ má sọ fún un o, tipátipá ni mo fi fún un!

A sáré lọ. Ó ní, "Carry am go, my sister. I never wash am."

Màmá ò jẹ́ kí n gbé e. Orí ara wọn ni wọ́n fi ru ìdọ̀tí náà délé. A pààrọ̀ omi díẹ̀, a da òkúta náà sí i, a bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà. Ọjọ́ tí ẹja tún jẹun, mi ò mọ̀gbà tí mo dì mọ́ màmá. Ara tù mí!

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé ẹni tó fẹ́ ràn wá lọ́wọ́, ká tètè fi ibi tí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn hàn án. Ohun tí a bá sì fún aládùúgbò, kò tíì sọnù.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti fi ìfẹ́ ba nǹkan yín jẹ́ rí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ síbí. Màmá jókòó tì mí, wọ́n ní kí n kà á fún àwọn, káwọn lè mọ̀ pé kì í ṣe àwọn nìkan.