Àtẹ̀gùn Tó Sé Dorothée Mọ́ Ìsàlẹ̀

Bí irọ́ bá wà nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, kí eyín méjèèjì tó kù mí lẹ́nu já sínú ọbẹ̀, kí n sì gbé wọn mì. Ìṣojú mi ló ṣẹlẹ̀.

Obìnrin kan wà ní Dassa nígbà náà, Dorothée lorúkọ rẹ̀, aránṣọ ni. Kò tíì pẹ́ tí àwọn Faransé ká àsíá wọn nílẹ̀ wa. Àìsàn ti gba ẹsẹ̀ Dorothée méjèèjì láti kékeré, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ le ju ti alágbẹ̀dẹ lọ. Àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìjọ Àgùdà ló fún un ní kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan tí à ń fọwọ́ wà. Bó bá ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ wá sọ́jà, adìẹ á yà, ewúrẹ́ á yà, fadá pàápàá á yà. Ẹ̀rọ ìránṣọ tó ń fọwọ́ yí á wà lórí itan rẹ̀ bí ọmọ.

Ohun kan ló ń ya èèyàn lẹ́nu nípa rẹ̀. Ọjọ́ ọjà ni aránṣọ ń rí ṣe, tí àwọn ará Gbaffo àti Paouignan á kó aṣọ yíya wá. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti kan àtàrí, Dorothée á di ẹ̀rọ rẹ̀, á wa kẹ̀kẹ́ lọ sílé. Oníbàárà á pè é títí, kò ní wẹ̀yìn.

"Ìgbéraga ni," Àṣàkẹ́ tó ń ta ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wí. "Bí kì í bá ṣe ìgbéraga, á jẹ́ ọkùnrin."

Èmi náà fi tèmi kún un. Mo ní ará Parakou ni ọkùnrin náà, ó sì ní mọ́tò.

Lọ́jọ́ ọjà kan nígbà ọyẹ́, Dorothée ní aṣọ ìyàwó kan tó gbọ́dọ̀ rán tán kí ilẹ̀ tó ṣú, kò lè lọ sílé. Ó rán an títí, àfi bó ṣe dojú dé orí ẹ̀rọ. Àṣàkẹ́ gbé igbá omi sí i lẹ́nu. Ó lajú, ó sì pa ètè dé.

"Mu ún, ìwọ ọmọ yìí. Ọyẹ́ ti fẹ́ fà ọ́ gbẹ."

"Ẹ̀gbọ́n mi, bí mo bá mu ún, níbo ni kí n tọ̀ ọ́ sí?"

Àṣàkẹ́ gbé igbá náà sílẹ̀. Ẹ̀yìn àpáta ni gbogbo wa ń lọ bí ìtọ̀ bá gbọ̀n wá, òkúta ibẹ̀ ò sì jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ kọjá. Obìnrin yìí kì í fomi kan ẹnu láti àárọ̀ ọjọ́ ọjà, síbẹ̀ ara ò gbà kọjá ọ̀sán. Ohun tó ń lé e lọ sílé nìyẹn. Kò sí ọkùnrin, kò sí mọ́tò.

Àṣàkẹ́ ò sùn lé e. Ó ti àtẹ dé àtẹ, ó da gbogbo ọjà láàmú títí wọ́n fi pe Ignace bíríkìlà, pé kó kọ́ ilé ìyàgbẹ́ tí Dorothée á lè lò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. Ignace kì í fiṣẹ́ ṣeré. Ó fi pòròpórò wọn ìbú kẹ̀kẹ́, ó fi wọn gíga ìjókòó rẹ̀. Ó ṣe ẹnu ọ̀nà tó fẹ̀, ó mọ ìjókòó sínú, ó kan igi ìdìmú mọ́ ògiri. Nígbà tó parí, gbogbo ọjà tú jáde láti wò ó. Dorothée wa kẹ̀kẹ́ dé iwájú rẹ̀, ó dúró.

Ilẹ̀ ọ̀dọ̀ wa, àpáta ni. Ihò ò ṣeé gbẹ́ jìn níbẹ̀, nítorí náà a máa ń gbé ṣáláńgá ga sórí òkúta ni, a ó sì mọ àtẹ̀gùn síwájú rẹ̀. Bí Ignace ṣe kọ́ ọ nìyẹn, àtẹ̀gùn mẹ́ta tó ga, tó dán. Láti ìgbà tí à ń rákò la ti ń gun òkúta. Kò sẹ́ni tó rí àtẹ̀gùn yẹn nínú wa, àfi ìgbà tí táyà kẹ̀kẹ́ kàn án.

Ignace ń wo pòròpórò ọwọ́ rẹ̀ bíi pé òun ló ṣẹ̀ ẹ́.

"Kò burú," ni mo wí. "A ó máa pọ̀n ọ́ gòkè."

"Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ṣé ẹ ó dúró tì mí títí n ó fi ṣe tán?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yìn èèyàn ni mo gbé dàgbà," ó ní. "Kẹ̀kẹ́ yìí ló sọ̀ mí kalẹ̀. N kò ní tìtorí ìtọ̀ padà síbẹ̀."

Ni Ignace bá kó òkúta àti amọ̀, ó fi bo àtẹ̀gùn náà, ó sọ ọ́ di gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Dorothée gùn ún dé ìdajì, apá kọ̀, ó yí padà sẹ́yìn tòun ti kẹ̀kẹ́, ó sì dé orí ẹní tí Àṣàkẹ́ sá ata gbígbẹ sí. A sín. Fadá sín. Àwọn tó wà nínú rélùwéè tó ń kọjá lọ sí Parakou sín.

"Ignace," Àṣàkẹ́ ní bó ti ń nu imú, "bí o bá ru iṣu gorí òkè, ṣé tààrà lo máa ń gùn ún?"

"Rárá o. Èèyàn á yí i ká ni."

"Kẹ̀kẹ́ wá ńkọ́?"

Ignace gbójú sókè wo òkè tó wà lẹ́yìn ọjà, níbi tí ọ̀nà oko ti ń lọ́ gorí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó tú iṣẹ́ rẹ̀ ká, ó la ọ̀nà tuntun yí àpáta abẹ́ ṣáláńgá náà po, tó rọra ń ga. Ọ̀nà ọ̀hún gùn ju ilé lọ débi pé àwọn àlejò ń béèrè ìjòyè tó ń gbé ibẹ̀.

Dorothée dá gùn ún. Ó yí sẹ́yìn àpáta, a ò rí i mọ́. Ó yọ lápá kejì lókè, ó wọlé, a sì gbọ́ tó ti ìlẹ̀kùn.

"Kí lẹ wá ń wò?" Àṣàkẹ́ ní. "Ẹ padà sídìí àtẹ yín."

Lọ́jọ́ náà, Dorothée jókòó sídìí ẹ̀rọ títí ọjà fi tú.

Bó ṣe rí gan-an nìyẹn, àfi ti ata. Àṣàkẹ́ ti tà á tán lọ́jọ́ náà. Orí ẹní òfìfo ló yí dé, kò sì sẹ́ni tó sín.