Ọwọ́ Bọ̀ọ̀dá Mi Lórí Ìwé Ọlọ́pàá

Kẹrosíìnì ni wọ́n fi ń nu ọwọ́ níbẹ̀. Bí o bá ti ń gun àtẹ̀gùn ọ́fíìsì ọlọ́pàá náà ní Ìjẹ̀bú-Òde, òórùn rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ kí ọ káàbọ̀, òun àti òórùn yíǹkì dúdú tí wọ́n fi ń tẹ ìka wa. A pọ̀ lọ́jọ́ náà. Gbogbo wa la ti yege nínú ìdánwò iṣẹ́ akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀. Ohun tó kù kò ju kí ọlọ́pàá tẹ ìka wa, kí wọ́n yẹ ìwé wọn àtijọ́ wò, kí wọ́n sì fún wa ní ìwé ẹ̀rí pé a kì í ṣe ọ̀daràn. Àwọn yòókù mú ìyàwó wá, wọ́n mú ọ̀rẹ́ wá, wọ́n ń fi ìka dúdú halẹ̀ mọ́ra wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni mo dá wá. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo na ìka mi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá síwájú bí ọwọ́ aláró, mi ò rí ẹni tí n ó fi hàn.

Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ náà mọ bí mo ṣe wá iṣẹ́ tó lẹ́yìn tí mo jáde nílé ìwé olùkọ́ ní Ìjágun. Mo kọ́ ọmọ ọlọ́mọ nílé, mo ta káàdì fóònù, mo bá wọn ṣọ́ ilé ìtajà. Bàbá mi ti kú. Ìyá mi ń dá gbé nílé wa ní Ìmùṣin, ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá a fínra, èmi nìkan ló sì ń ra oògùn. Nítorí náà, bí mo bá sọ pé iṣẹ́ akọ̀wé yẹn ni mo fi ẹ̀mí tẹ̀, má rò pé mò ń ṣe àsọdùn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n pè mí lórí fóònù pé kí n máa bọ̀. Inú mi dùn, òmùgọ̀ ni mí, mo tilẹ̀ lọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Ọ̀gá ọlọ́pàá tó ń tọ́jú ìwé níbẹ̀, àgbàlagbà kan tó fi okùn bàtà so awò ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn, kò gbé ojú sókè nígbà tí mo kí i. Ó fi ìka júwe àga.

“Ṣé wọ́n ti mú ọ rí?”

“Rárá o, sà. Mi ò wọ teṣán rí, àfi ọjọ́ tí mo wá tẹ̀ka.”

“Orúkọ rẹ wà níbí. Wọ́n ní o jí ẹ̀rọ tó ń fa omi níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé.”

Ó ti káàdì kan sí mi, káàdì líle tí etí rẹ̀ ti pọ́n. Orúkọ mi ni lóòótọ́. Orúkọ bàbá mi tẹ̀ lé e, Ìmùṣin tẹ̀ lé e, ọdún tí wọ́n bí mi pàápàá kò yẹ̀. Mo ń wí nínú ara mi pé, orí mi ò, ta ni mo ṣẹ̀? Ìgbà náà ni ojú mi wá sọ̀ kalẹ̀ sórí ìka tí wọ́n tẹ̀ sísàlẹ̀. Mẹ́sàn-án ló yí roboto bó ṣe yẹ. Ẹ̀kẹwàá, ìka ìfábẹ̀lá ọwọ́ òsì, kò ní orí. Wọ́n fi bírò kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé ó ti gé.

Ọ̀rẹ́ mi, èmi ni mo gé ìka yẹn. Mi ò ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ, a wà lóko bàbá wa, bọ̀ọ̀dá mi di ìrèké mú fún mi, èmi sì fẹ́ fi hàn pé mo ti tó àdá gbé. Nígbà tí a délé, tí ẹ̀jẹ̀ ti kún aṣọ rẹ̀, tí ìyá wa ń ké “Ẹ gbà mí o!”, ó ní òun ni òun ṣe ara òun léṣe. Kò sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ mọ́ títí tó fi kúrò nílé. Bàbá wa ló lé e, lórí ọ̀rọ̀ tí kò tó nǹkan. Ọwọ́ ọ̀tún ni bàbá wa fi ń bá ọmọ wí, ó sì gbàgbé pé òsì la fi ń fà á mọ́ra. Bọ̀ọ̀dá mi kó aṣọ sínú báàgì kan, ó lọ, a ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Ẹnì kan ní ó wà ní Kútọnu, ẹlòmíràn ní ó ti ré kọjá sí Líbíà. Bàbá wa kú, a sin ín, kò wá.

Òun rèé níwájú mi. Mi ò rí ojú rẹ̀ láti ọdún mẹ́wàá, mo wá rí ọwọ́ rẹ̀. Bí kì í bá ṣe ojú ọ̀gá yẹn, ǹ bá gbé ọwọ́ mi lé e.

Mo ka ìyókù. Teṣán kékeré kan lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ ni wọ́n ti tẹ ìka rẹ̀. Ọjọ́ mọ́kànlá ló lò ní àtìmọ́lé kí ẹni tó fi ẹjọ́ sùn tó ní òun ò ṣe mọ́. Níbi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ ẹni tó wá ṣe onídùúró, wọ́n kọ ọ́ pé kò sí. Mo wo oṣù, mo wo ọdún. Lóṣù yẹn gan-an, ilé ìwé wa ní Ìjágun rán mi lọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Iwájú teṣán yẹn ni mo ń gbà kọjá láràárọ̀, táì lọ́rùn, ìwé lábíyá. Fèrèsé kékeré kan wà lára ògiri rẹ̀ lókè. Mo rántí rẹ̀ nítorí pé wọ́n máa ń sá aṣọ ọlọ́pàá sábẹ́ rẹ̀. Ṣé ó rí mi? Ṣé rírí tó rí mi ló jẹ́ kí orúkọ mi bọ́ sí i lẹ́nu nígbà tí wọ́n bi í? Ó ṣe tí kò pè mí? Mo ti bi ara mi ní ìbéèrè yìí títí ó ti sú mi, mi ò sì tíì jáwọ́.

Ọ̀gá náà ti gbé awò rẹ̀ sójú, ó ń wo káàdì náà àti èyí tí èmi tẹ̀ka sí. Ó wo ọwọ́ mi. “Ìka tìrẹ pé,” ó ní. “Èyí kì í ṣe ìwọ.” Ohùn rẹ̀ ti rọ̀. “Ṣùgbọ́n ta ni ẹni tó mọ̀ ọ́ dénú báyìí?”

Mo fa ọwọ́ mi sẹ́yìn.

“Fetí sílẹ̀, ọmọ mi. Bí o bá mọ̀ ọ́n, wá sọ ọ́, a ó ṣí ìwé tuntun, a ó máa wá a. Ìyẹn yóò pẹ́ díẹ̀. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, lọ búra ní kóòtù, mú ìwé rẹ̀ wá, n ó fọwọ́ sí tìrẹ lónìí.”

Ọjọ́ Ẹtì ni ìjọba ìbílẹ̀ yóò ti orúkọ pa. Ọjọ́bọ̀ la wà.

Mo lọ sí kóòtù. Akọ̀wé ibẹ̀ ń jẹ ẹ̀pà, ó gbọn ọwọ́ rẹ̀, ó gbé Bíbélì fún mi, ó ní kí n máa wí tẹ̀ lé òun. Mo wí tẹ̀ lé e. Mo ní n kò mọ ọkùnrin náà rí. Mo ní n kò bá a tan. Irú Bíbélì kan náà tí ìyá wa fi ń kọ́ àwa méjèèjì ní Sáàmù lórí ẹní kan ṣoṣo ni mo gbé lọ́wọ́. Mo máa ń sọ fún ara mi pé nítorí bọ̀ọ̀dá mi ni, kí wọ́n má baà dọdẹ rẹ̀. Irọ́ ni. Díẹ̀ ni nítorí rẹ̀. Iṣẹ́ ni mò ń wá.

Wọ́n fún mi ní ìwé ẹ̀rí náà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Wọ́n gbà mí síṣẹ́. Mi ò rí ẹni bá yọ̀. Mo ra búrẹ́dì àti sadíìnì, mo dá a jẹ nínú yàrá mi.

Lọ́jọ́ Sátidé mo lọ sí Ìmùṣin. Ìyá mi ń pa ẹ̀gúsí. Mo sọ fún un pé mo rí ìka bọ̀ọ̀dá tí wọ́n tẹ̀ sínú ìwé kan, pé ó ṣì wà láàyè lọ́dún báyìí-báyìí, pé nítòsí wa níbí ló wà. Mi ò lè fi teṣán pa mọ́ fún un, bẹ́ẹ̀ ni mi ò lè mẹ́nu kan kóòtù. Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Nígbà tó dìde, ó bi mí pé, “Ta ló lọ dúró fún un?”

“Kò sẹ́nì kankan, màmi.”

“Kò sẹ́nì kankan.” Ó mú ẹ̀gúsí kan, ó pa á, ó mú òmíràn. “Ìwọ ńkọ́? Níbo lo wà nígbà yẹn?”

“Ìjágun, mà. Ilé ìwé ni mo wà.”

Ó mi orí. “Ó jìnnà, ọmọ mi,” ó ní. “O ò lè mọ̀.”

Èyí ló wọ̀ mí lára ju ìbúra lọ. Ó ń rẹ̀ mí lẹ́kún lórí irọ́ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pa fún un. Ìwé ẹ̀rí mi wà nínú fáìlì dòní, ó ní wọn ò rí ẹ̀ṣẹ̀ kankan lọ́rùn mi, àwọn tí mò ń bá ṣiṣẹ́ sì ń pè mí ní ènìyàn dáadáa. Nǹkan kan ṣoṣo ni mo mọ̀ ọ́n ṣe sí i. Tẹ́lẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé ọmọ mélòó ni ìyá mi bí, èmi nìkan ni mo máa ń wí, kí ọ̀rọ̀ má baà gùn. Ní báyìí, méjì ni mo ń wí. Wọn a ní èkejì dà? Mo máa ń sọ fún wọn pé mi ò mọ̀, pé ẹ̀gbọ́n mi ni.